Àǹtí Mi Ní Òun Ò Mọ̀ Mí

Ẹ jókòó, Àǹtí! Ẹ má wọ kíṣìnnì yẹn. Ẹ má sọ fún mi pé omi ń hó, ẹ jẹ́ kó hó, kó hó gbẹ, kí ìkòkò jó, kí èéfín gba gbogbo ilé, mo ní kẹ́ ẹ jókòó! Ẹ wò mí. Rárá, ẹ má wo fóònù ọwọ́ mi, ojú mi ni kẹ́ ẹ wò. Ṣé ẹ mọ̀ mí? Ẹ̀yin àbúrò ìyá mi, ọmọ ìyá kan náà, tẹ́ ẹ pọ̀n mí sẹ́yìn títí mo fi tó rìn, tá a jọ ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo báyìí, tẹ́ ẹ máa ń na ẹsẹ̀ tútù yín wá sórí bẹ́ẹ̀dì mi bíi pé ẹsẹ̀ yín ò ní ilé tiẹ̀, mo ní ṣé ẹ mọ̀ mí, àbí ẹ ò mọ̀ mí?

Ẹ́n-ẹ́n, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rò pé mò ń ṣeré.

Láàárọ̀ òní ni wọ́n pè mí láti ọ́fíìsì àwọn oníwèé ìgbélùú. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mò ń ki aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù bọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ariwo gbogbo ibẹ̀ ò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tóun fúnra ẹ̀ ń rò, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò mi bí ọkàn adìyẹ tí wọ́n fẹ́ pa, mo sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mo gbé e. Obìnrin kan ni. Ohùn ẹ̀ ò gbóná, kò tutù, ohùn ẹni tó ti jẹun. Ó ní àwọn wá lánàá sí àdírẹ́sì tí mo fún àwọn, ẹni tó wà nílé ní òun ò mọ̀ mí. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ti ṣìnà, ilé ẹlòmíì lẹ lọ. Ó bá ka nọ́ńbà ilé fún mi. Ó ní àjà kejì. Ó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé tí ọ̀dà ẹ̀ ti bó nísàlẹ̀. Àǹtí, ilẹ̀kùn wa kọ́ nìyẹn? Mo ní kí ni ká wá ṣe báyìí? Ó ní, "A máa tún wá." Mo ní ọjọ́ wo? Ó ní, "A kì í sọ." Ó bá kí mi pé ẹ kú iṣẹ́, ó gbé fóònù ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́! Bí ẹni ń kí òkú pé ẹ kú ìsinmi.

Mo ṣì ń sọ fún ara mi bọ̀ lójú ọ̀nà pé àṣìṣe ni. Mo ní Àǹtí mi kẹ̀? Àǹtí mi ò lè ṣe é. Mo dé orí àtẹ̀gùn, bàbá alájá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀, ajá ẹ̀ ń wò mí bí ẹlẹ́rìí tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá ní, "Ọmọbìnrin, o ṣì wà níbí? Mo gbọ́ pé o ti lọ." Mo ní lọ síbo, bàbá? Ó ní, "Ọkùnrin kan wá lánàá, ajá gbó gbó gbó títí tí mo fi ṣílẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ń béèrè ẹ lókè. Ìyá yẹn ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ní bàtà ta ni èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà? Ìyá ní ti ẹnì kan ni, ó ti lọ. Ó ti lọ pátápátá."

Ó ti lọ pátápátá!

Àǹtí, ṣé ẹnu tẹ́ ẹ fi ń súre fún mi láràárọ̀ náà lẹ fi sọ ìyẹn? Ẹyin lohùn o, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní ń fọ́! Ọkùnrin tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó kọ ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀, kó gbé e lọ fún àwọn tí ò ní rí ojú mi láéláé. Ẹ ti lé mi lọ, Àǹtí. Mo dúró níwájú yín, ẹ̀ ń rí eyín mi, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn yẹn mo ti lọ.

Kí lẹ wí? Ẹ sọ ọ́ sókè. Pé mi ò sọ fún yín pé ẹnì kan ń bọ̀? Háà! Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ! Ta ló kọ́ mi pé kí n má sọ? Ta ló ń sọ ọ́ sí mi létí láti ọjọ́ tí mo ti gbé báàgì mi sílẹ̀ nínú ilé yìí pé aboyún kì í lu agogo oyún, pé ohun rere tá a bá tètè tú aṣọ lára ẹ̀, òtútù ní ń pa á? Ẹ̀yin kọ́? Ẹ ní bí mo bá ń ṣe ìwé kí n máa ṣe é bí ẹni ń jí ẹran nínú ọbẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀! Mo lọ fa ẹ̀jẹ̀, mo ní mò ń lọ kí ọ̀rẹ́. Mo lọ ya fọ́tò, mo ní wọ́n pè wá lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tí mo lọ tẹ̀ka, ẹ̀rọ wọn ò rí ìlà kankan ní ìka mi, ọṣẹ ti fọ gbogbo ẹ̀ lọ, òṣìṣẹ́ yẹn ń yí ọwọ́ mi síbí síbẹ̀ bí ẹni ń yẹ iṣu wò, ó ní kí n lọ sinmi ọwọ́ kí n tó padà wá. Mo wá ń fi òróró pa á, mò ń wọ ìbọ̀wọ́ sùn, ẹ bi mí pé kí ló dé, mo ní awọ ara mi ló gbẹ. Ẹ ní kí n máa mu omi! Mo gbà, mo mu omi. Títí ìka mi fi hù padà.

Gbogbo ìyẹn ti parí, Àǹtí. Ìwé ìgbélùú ti ṣe tán. Kò sí pé ìgbà wo lò ń lọ mọ́, kò sí pé wá tún fi ara hàn mọ́. Nǹkan kan péré ló kù: kí ẹnì kan wá kanlẹ̀kùn wò pé ibi tí mo ní mò ń gbé ni mò ń gbé lóòótọ́. Kí ó béèrè, kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ibí ni, kó máa lọ. Gbólóhùn kan! Gbólóhùn tí ajá bàbá ìsàlẹ̀ ì bá bá mi sọ tó bá lẹ́nu!

Ọmọ mi ń ka ọjọ́ nílé. Ẹ kúkú ń gbọ́ ọ lórí fóònù. "Màmá, ṣé wọ́n ti fún ẹ níwèé tó o fi máa wá mú èmi àti Dádì?" Lánàá náà ló fi eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lẹ́nu ẹ̀ hàn mí, ó ní òun máa tọ́jú ẹ̀ dè mí. Kí ni kí n sọ fún un? Kí n ní àǹtí Màmá ní òun ò mọ Màmá?

Mo sì rò ó, mò ń gun àtẹ̀gùn, mò ń wá àwáwí fún yín, nítorí ìfẹ́ ni mo fi ń bá yín gbé. Mo ní bóyá orúkọ mi ni ẹ ò mọ̀. Ṣebí ẹ ò pè mí lórúkọ rí láyé yín? Ìyá yín kú, ilẹ̀ sàréè ò tíì gbẹ, wọ́n bí mi, ẹ rí àmì dúdú tó wà létí mi, ẹ ní ìyá yín ti dé. Láti ọjọ́ náà, Ìyá mi lẹ̀ ń pè mí. Mò ń jí ẹ̀pà nínú ìkòkò, ẹ ò lè nà mí, ẹ ní ta ló ń na ìyá ẹ̀? Àwọn ọmọ yòókù ń jẹgba, èmi ń wò wọ́n! Mo dàgbà, mo lọ́kọ, mo bímọ, ẹ ò yí i padà. Nítorí náà mo ní bí àlejò bá ka orúkọ tó wà nínú ìwé fún Àǹtí mi, wọ́n lè má mọ ẹni tó ń wí.

Ṣùgbọ́n ó béèrè bàtà, Àǹtí. Bàtà iṣẹ́ mi, tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ran etí ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ mọ ẹni tó ni ín. Ìyá yín ló ni ín. Ẹ sì fẹnu ara yín lé ìyá yín lọ.

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo máa ń gbọ́ òwe yẹn, mo máa ń rò pé àwọn ọ̀tá ni wọ́n ń fi bá wí.

Ẹ dúró. Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n wo fèrèsé.

Ó ṣì wà níbẹ̀. Mọ́tò aláwọ̀ eérú yẹn. Mi ò fẹ́ sọ fún yín. Ó ti wà níwájú ilé tó dojú kọ wa láti ìgbà tí mo wọlé, àwọn méjì ló wà nínú ẹ̀, wọn ò sọ̀kalẹ̀, wọn ò jẹun, wọn ò gbé fóònù wò. Ta ló ń jókòó sínú mọ́tò láyé ìsinyìí tí kì í wo fóònù? Ẹ má fa aṣọ fèrèsé, wọ́n máa rí ọwọ́ yín!

Ṣé ẹ rántí Ẹlẹ́rìn-ín tí mo máa ń sọ fún yín? Obìnrin tí a jọ ń lọ aṣọ, tó jẹ́ pé bí ìrònú bá bá gbogbo wa, òun á máa rẹ́rìn-ín? Àdírẹ́sì lòun náà fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lọ sílé ẹ̀, ẹni tí wọ́n bá nílé sọ pé kò gbébẹ̀. Wọ́n ní irọ́ ló pa fún àwọn, ẹni tó bá sì parọ́ nínú ìwé ò tún ní í wọ ìlú yìí mọ́ títí ayé. Àwọn méjì ló wá mú un lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò pariwo, wọ́n ní kó wọ kóòtù ẹ̀. Bàtà tó fi ń wálé ṣì wà lábẹ́ ẹ̀rọ títí di òní, Àǹtí. A máa ń gbálẹ̀ yí i ká. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án.

Mi ò ní jẹ́ kó kàn mí. Mo fi ìyá mi tó wà nínú ilẹ̀ búra, mi ò ní í jẹ́! Ẹ dìde. Ẹ wọ kóòtù. Ọ́fíìsì wọn ò tíì tì, bá a bá rìn kíá a máa bá wọn. Ẹ máa sọ fún wọn pé ẹ̀rù ló bà yín, pé ẹ rò pé olè ni. Ẹ ní àgbàlagbà ni yín, ẹ gbàgbé. Ẹ lè sunkún díẹ̀ sí i, ẹ mọ̀ ọ́n sun dáadáa. Ẹ̀yin lẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn èèyàn yìí sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí gbogbo wa nílé ń pè ní àgbà òkè òkun, tẹ́ ẹ ń sọ fún gbogbo ẹbí bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ẹ kàn mú ìwé tiyín dání, kí wọ́n rí i pé ọmọ onílùú ló ń sọ̀rọ̀.

Àǹtí, mo ní ẹ mú ìwé tiyín.

Kí lẹ̀ ń wo ilẹ̀ fún?

Ẹ ní ó wà nínú àpótí. Ó dáa, àpótí nìyẹn lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ yín. Ẹ ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ sọnù? Ìgbà wo ló sọnù? Mo máa fọ́ ọ, mo máa ra òmíràn fún... kí lẹ gbá mi lọ́wọ́ mú sí?

Rárá.

Rárá o. Àǹtí, ẹ má sọ fún mi pé...

Yéè, orí mi o. Ẹ gbà mí. Láti ìgbà yẹn? Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé? Kí èmi tó mọ̀ pé ayé tóbi ju àdúgbò wa lọ, ẹ ti wà níbí, kò sì sí ìwé kankan?

Ìdí nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí orúnkún fi ń pa yín kú lọ tẹ́ ẹ ò dé ọsibítù. Èmi lẹ rán lọ, ẹ ní kí n ṣe bíi pé orúnkún tèmi ni, dókítà ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, mò ń ké yéè yéè níbi tí ò dùn mí, mo gba oògùn wálé, a jọ rẹ́rìn-ín títí! Ìdí nìyẹn tí fóònù yín fi wà lórúkọ mi. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń ran síìpù mọ́ aṣọ fún oníṣọ́ọ̀bù yẹn nínú ilé, tẹ́ ẹ ní ariwo ìta ò bá yín lára mu. Mo fojú ara mi wò ó, mi ò rí nǹkan kan.

Ìyá mi kú, ẹ ò wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n yín kan ṣoṣo kú, a gbé e sílẹ̀ dè yín, ẹ ní iṣẹ́ ò gbà yín láyè. Gbogbo ẹbí bú yín. Èmi náà bú yín, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, mo ní Ọlọ́run má jẹ́ kí n ní irú àbúrò bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ, wọ́n kúkú sọ ọ́ fún yín. Ẹ sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa pè yín ní ọ̀dájú, nítorí ẹ mọ̀ pé ẹ ò lè jáde kẹ́ ẹ tún wọlé. Èèyàn ò sì lè sọ fún ọmọ òkú pé ilẹ̀kùn ló há mọ́ òun.

Nítorí náà, lánàá, nígbà tí ọkùnrin yẹn kanlẹ̀kùn, kì í ṣe èmi ló kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn. Ẹ rò pé ẹ̀yin ló wá mú.

Ẹ má sunkún. Inú ṣì ń bí mi o! Ẹ má rò pé ó ti tán. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ wá jẹ́rìí fún mi, wọ́n á mú yín. Bí ẹ ò bá jẹ́rìí, wọ́n á lé mi. Irú oko wo rèé tá a jọ wọ, Àǹtí, tí ọ̀nà ẹ̀ ò gba ẹni méjì?

Ẹ ṣe wọ̀ọ̀.

Ajá bàbá ń gbó.

Ajá yẹn kì í gbó fún ará ilé. Ẹ kúrò lójú fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí n wò ó. Mọ́tò wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹnì kan ló ń gòkè bọ̀, mò ń gbọ́ bàtà ẹ̀. Ẹnì kan. Àwọn méjì ló jókòó síbẹ̀. Ibo ni ìkejì wà?

Ẹ má gba ibẹ̀! Ẹ má gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń gbé ìdọ̀tí gbà, ẹ padà, ibẹ̀ ni ìkejì máa dúró sí! Balùwẹ̀. Ẹ wọ balùwẹ̀, ẹ dúró sẹ́yìn àwọn aṣọ tí mo sá. Ẹ gbé ife yín dání. Gíláàsì ojú yín! Ẹ̀rọ ìránṣọ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀, èmi ni mo ń ránṣọ. Bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ jẹ́ kí n da aṣọ mi lé e lórí. Kí lẹ̀ ń wò mí fún? Ẹ wọlé!

Kí lẹ wí? Pé tí wọ́n bá bi mí léèrè yín ńkọ́?

Wọlé, ọmọ mi. Má sunkún mọ́. Pa ẹnu ẹ dé, má húkọ́, ohunkóhun tó o bá gbọ́ lẹ́nu mi, má jáde. Ṣé ìwọ lo ní èmi ni ìyá ẹ? Wọlé.

Mò ń bọ̀ o! Ẹ rọra, mò ń bọ̀!

Ẹ káàsán sà. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Orúkọ mi nìyẹn. Ibí ni mò ń gbé, mi ò lọ síbì kankan, àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ò mọ̀ mí ni. Ẹ wọlé, ẹ wò ó, yàrá nìyí, bẹ́ẹ̀dì mi nìyí.

Rárá sà. Èmi nìkan ni.

Ìyá tó bá yín sọ̀rọ̀ lánàá? Mi ò mọ̀ ọ́n.

Bàtà wo? Bàtà àgbàlagbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn?

Ti ẹnì kan ni, sà. Ó ti lọ. Ó ti lọ pátápátá.